Ẹ Bi Wá Ká Gbọ́: Bí Òṣùpá Bá Ń Fa Òkun, Kí Ló Dé Tí Kì Í Fa Omi Kànga?

Láti ọjọ́ Sunday 7 September 2025 tí òṣùpá ti inú òjìji ayé yọ sí wa lójú, tó pọ́n kuku, tí àwọn kan ń ké pe Jésù tí àwọn míì ń sáré wá fóònù, ni ìbéèrè nípa òṣùpá ò ti dẹ́kun wíwọlé sójú ewé yìí. Ti ọjọ́ yẹn ò gba àlàyé gígùn, ayé wà láàárín oòrùn àti òṣùpá, òjìji wa ló bò ó, ìmọ́lẹ̀ pupa tó gba inú afẹ́fẹ́ ayé kọjá nìkan ló kù tó ń tàn sí i lára. Àwọn ìbéèrè yòókù ló gba àkókò. Mo mú díẹ̀ níbẹ̀, tí n ò bá mú tiyín ẹ máà bínú, àyè ni ò gbà á.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹja ni mò ń tà ní Táákíè. Ọmọ mi tó wà l'Ékòó mú mi lọ sétí òkun lọ́jọ́ kan, nígbà tá a débẹ̀ láàárọ̀ omi wà lọ́hùn-ún, iyanrìn gbẹ, a tẹ́ ẹní, kó tó di ọ̀sán omi ti ń wá bá wa lórí ẹní. Ọmọ náà ní òṣùpá ló ń fà á. Mo ní òṣùpá wo, lọ́sàn-án gangan? Tó bá sì jẹ́ òótọ́, kí ló dé tí omi kànga ẹ̀yìnkùlé wa kì í ga sókè tí òṣùpá bá yọ?" (Ìyá ẹlẹ́ja, Ògbómọ̀ṣọ́)

Màmá, ọmọ yín ò parọ́. Ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ látorí ọ̀sán gangan yẹn. Òṣùpá kì í ṣe ti alẹ́ nìkan, bó ṣe ń yọ lálẹ́ ló ń yọ lọ́sàn-án, ìmọ́lẹ̀ oòrùn ni kì í jẹ́ ká kà á sí, ìgbà míì wà tẹ́ ẹ bá gbójú sókè láàárọ̀ tílẹ̀ ti mọ́ kedere, ẹ máa rí i tó funfun sójú ọ̀run. A rí i o, a ò rí i o, ó ń fà.

Gbogbo nǹkan tó bá ti ní ìwọ̀n ló ń fa ara wọn, òun là ń pè ní gíráfítì. Ilẹ̀ ń fà wá, àwa náà ń fa ilẹ̀ níwọ̀n tiwa, ayé ń fa òṣùpá, òṣùpá ń fa ayé. Nǹkan tó bá tóbi á fà gan-an, tó bá sì jìnnà, àfà yẹn á dínkù. Òṣùpá jìnnà sí wa tó 384,400 kìlómítà, ayé fúnra ẹ̀ sì fẹ̀ ju 12,700 kìlómítà lọ láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì, ìyẹn ni pé ibi tó kọjú sóṣùpá sún mọ́ ọn ju àárín ayé lọ, àárín ayé sì sún mọ́ ọn ju ẹ̀yìn lọ. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Pé òṣùpá ń fà nìkan kọ́ ló ń mú kí òkun kún o, pé kò fa ibi gbogbo bákan náà ni.

Ẹ wo ọlọ́kadà mẹ́ta tó jọ gbéra ní Táákíè tí wọ́n dorí kọ ọ̀nà Ìlọrin, ti iwájú ń sáré jù, ti àárín ń sáré níwọ̀n, ti ẹ̀yìn ò fi bẹ́ẹ̀ sáré. Tẹ́ ẹ bá wà lẹ́yìn ẹni àárín, ẹ máa rí i pé ti iwájú ń jìnnà sí yín, ẹ tún bojú wẹ̀yìn, ti ẹ̀yìn náà ń jìnnà sí yín, bẹ́ẹ̀ ẹnì kankan ò yà, ọ̀nà kan náà ni gbogbo wọn ń tọ̀. Omi tó kọjú sóṣùpá lọlọ́kadà iwájú, àárín ayé lẹni àárín, omi tó wà lẹ́yìn ayé lẹni ẹ̀yìn. Ìdí nìyẹn tómi fi ń ga níbi méjì lẹ́ẹ̀kan náà, tí ayé sì ń yí gba abẹ́ ibi méjèèjì kọjá, tí òkun fi ń kún lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́ ní ọ̀pọ̀ ibi. Látìgbà tómi bá kún dé ìgbà tó máa tún kún, bíi wákàtí 12 àti ìṣẹ́jú 25 ni, torí òṣùpá náà ò dúró sójú kan, ó máa ń fi bí ìṣẹ́jú 50 pẹ́ ju tàná lọ kó tó padà síbi tó wà. Àwọn apẹja létí òkun mọ èyí láìwo aago.

Kànga wá ńkọ́? Omi òkun lọ salalu, ẹgbẹẹgbẹ̀rún kìlómítà, omi lè ti ọ̀nà jíjìn ṣàn wá kóra jọ síbì kan. Kànga yín láti ẹnu dé ìsàlẹ̀, mítà mélòó ni? Ibo ni ìyàtọ̀ máa gbà wọbẹ̀? Àwọn adágún ńlá tó wà láàárín Amẹ́ríkà àti Canada tí wọ́n ń pè ní Great Lakes, èèyàn á dúró létí ẹ̀ kò ní rí òdìkejì, síbẹ̀ kíkún tí òṣùpá ń mú bá wọn kò tó 5 sẹ̀ǹtímítà. Ká tó wá débi kànga. Ká tiẹ̀ mú ẹ̀yin fúnra yín, ká ní ẹ wọn 60 kílò, tí òṣùpá bá wà lókè orí yín gangan, ohun tí ìyàtọ̀ àfà yẹn máa yọ kúrò nínú ìwọ̀n yín kò tó hóró ìrẹsì kan. Ẹ má tìtorí ẹ̀ lọ dín aṣọ kù o.

Tẹ́ ẹ bá rò pé àwàdà ni mò ń ṣe, ẹ wo oòrùn. Oòrùn ń fa ayé ju bí òṣùpá ṣe ń fà á lọ ní bí ìlọ́po 180, bẹ́ẹ̀ kíkún tí oòrùn ń mú bá òkun kò tó ìdajì ti òṣùpá, torí oòrùn jìnnà débi pé iwájú ayé àti ẹ̀yìn ayé fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà fún un. Tí àwọn méjèèjì bá wá pawọ́ pọ̀, nígbà tóṣù bá fẹ́ẹ́ lé àti nígbà tó bá di àrànmọ́jú, omi á kún ju tàtẹ̀yìnwá lọ. L'Ékòó, ìyàtọ̀ láàárín ìgbà tómi kún àti ìgbà tó fà jẹ́ bíi mítà kan, àmọ́ ní Bay of Fundy ní Canada ó lè tó mítà 16, torí ibẹ̀ fún, ó sì gùn lọ́nà tómi tó ń wọlé á fi máa ga sí i.

Ilẹ̀ gidi náà ò sì gbẹ́yìn. Ilẹ̀ tí kànga yín wà, ilé yín, ọjà Táákíè, ààfin Ṣọ̀ún, gbogbo ẹ̀ ló ń gbéra sókè díẹ̀ tó tún ń wálẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́, ó lè tó 30 sẹ̀ǹtímítà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. A ò mọ̀ torí gbogbo ẹ̀ ló jọ ń gòkè. Àwọn tó mọ̀ ọ́n gbọ́dọ̀ ní ẹ̀rọ tó le dáadáa, irú àwọn onísáyẹ́ǹsì tó wà ní Geneva ní Switzerland, wọ́n ri ẹ̀rọ ràgàjì kan mọ́lẹ̀ tó yí po tó 27 kìlómítà, nígbà tó di àwọn ọdún 1990 wọ́n rí i pé òṣùpá ń fi bíi mílímítà kan ṣoṣo yí gígùn ẹ̀ padà, mílímítà kan yẹn sì ń da iṣẹ́ wọn rú, àfi kí wọ́n máa ṣírò òṣùpá mọ́ ọn. Inú borehole jíjìn kan náà omi lè lọ sókè sódò ní sẹ̀ǹtímítà díẹ̀, torí ilẹ̀ tó ń fún un tó tún ń tú u sílẹ̀. Kànga tá a fi korobá fà ní tiẹ̀, òjò ni kẹ́ ẹ bi.

"Ẹ káàárọ̀ sà. SS2 ni mo wà. Tíṣà wa ní gíráfítì ayé ló di òṣùpá mú. Tó bá ń fà á, kí ló dé tí kò já lù wá? Ṣé kò wúwo ni?" (Ọmọ iléèwé, Ògbómọ̀ṣọ́)

Àbúrò, ó ń já bọ́, kò kàn balẹ̀ ni. Newton, onísáyẹ́ǹsì ará England, ló ṣàlàyé ẹ̀ fáráyé nínú ìwé tó gbé jáde lọ́dún 1687. Máńgòrò Ògbómọ̀ṣọ́ tó bá já lórí igi gíga kan, láàárín sẹ́kọ́ńdì àkọ́kọ́ á ti wálẹ̀ tó mítà 4.9. Òṣùpá jìnnà sí àárín ayé ní ìlọ́po 60 ti máńgòrò yẹn, bí nǹkan bá sì jìnnà ní ìlọ́po 60, àfà ilẹ̀ lórí ẹ̀ á dínkù ní ìlọ́po 60 lọ́nà 60, ìyẹn 3,600. Torí náà láàárín sẹ́kọ́ńdì kan náà òṣùpá ń já sọ́dọ̀ wa ní bíi mílímítà 1.4 péré, àmọ́ nínú sẹ́kọ́ńdì yẹn kan náà ó ti sáré gba ẹ̀gbẹ́ lọ tó kìlómítà kan gbáko. Mílímítà 1.4 yẹn ló ń tẹ ọ̀nà ẹ̀ kọrọdọ tó fi ń yí wa po. Ká ní kò sáré ni, ì bá ti já lù wá tipẹ́, ká sì ní ayé ò fà á, ì bá ti gba ọ̀nà tààrà lọ kó má padà wá mọ́.

Ó wúwo dáadáa, ká kó òṣùpá 81 jọ ká tó rí ìwọ̀n ayé kan. Èèyàn 12 ló ti fẹsẹ̀ rìn lórí ẹ̀ láàárín 1969 sí 1972. Gíráfítì ibẹ̀ jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́fà tiwa, àpò sìmẹ́ńtì 50 kílò tó ń dá lébìrà láàmú níbí, lọ́hùn-ún kò ní ju ẹni tó gbé kílò mẹ́jọ lé èjìká lọ. Lọ́dún 1971, ọ̀kan nínú wọn tó ń jẹ́ David Scott di òòlù àti ìyẹ́ àṣá mú lójú kámẹ́rà, ó jù wọ́n sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn méjèèjì sì jọ balẹ̀, torí kò sí afẹ́fẹ́ níbẹ̀ tó máa gbé ìyẹ́ dúró. Béèrè lọ́wọ́ tíṣà yín kó fi hàn yín, ó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

"Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Àgbẹ̀ ni mí lọ́nà Ìkòyí-Ilé. Bàbá tó bí mi lọ́mọ kì í gbin nǹkan kan nígbà tóṣù bá ń kú lọ, wọ́n ní gbòǹgbò ò ní rìn. Àwọn ọmọ ní irọ́ ni. Èwo ni ká gbà?"

Bàbá, ẹ kú oko o, a ò ní rógun ọ̀dá. Ẹ ò ní rí mi kí n bú ohun táwọn àgbà fi jẹun, wọ́n ń fi oṣù ka ìgbà ni, ẹni tí kò ní kàlẹ́ńdà lára ògiri gbọ́dọ̀ rí nǹkan dì mú. Àmọ́ ní ti pé òṣùpá ń fa omi inú ilẹ̀ tàbí omi inú ewéko sókè sódò, àlàyé tí mo ṣe fún ìyá ẹlẹ́ja lókè yẹn náà ni, ewéko kéré jù kí ìyàtọ̀ àfà òṣùpá tó lè ṣe é ní nǹkan. Àwọn onímọ̀ ọ̀gbìn ti wá ẹ̀rí ẹ̀ títí, wọn ò rí èyí tó dúró. Òjò àti ilẹ̀ ló máa sọ fún yín.

Gíráfítì ilẹ̀ lẹ bá bi mí, ìyẹn ló ń darí gbòǹgbò, ẹ sì lè fojú ara yín rí i. Ẹ kó hóró àgbàdo bíi mẹ́rin, ẹ rẹ ẹ́ sómi mọ́jú, ẹ wá fi aṣọ tútù tẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ife rọ́bà tó mọ́ gaara kẹ́ ẹ lè máa rí i láti ìta, ẹ gbé e sínú páálí dúdú. Tó bá ti yọ gbòǹgbò tó tó oríkèé ìka, ẹ dá ife yẹn dùbúlẹ̀, ẹ dá a padà sínú òkùnkùn. Nígbà tílẹ̀ ọjọ́ kejì bá mọ́, ẹnu gbòǹgbò yẹn á ti tẹ̀, á dorí kọ ilẹ̀, ọ̀mùnú á ti máa kọrí sókè, bẹ́ẹ̀ kò sí ìmọ́lẹ̀ kankan níbẹ̀ tó ń tọ́ ọ sọ́nà. Ohun tó ń ṣe é ni pé nínú ẹnu gbòǹgbò gan-an, hóró sítáàṣì tíntìntín wà tó máa ń rọ́ lọ sí ìsàlẹ̀, ibi tó bá rọ́ lọ ni gbòǹgbò fi ń mọ̀ pé ilẹ̀ nìyí. Ọkùnrin òyìnbó kan, Thomas Andrew Knight, so irúgbìn mọ́ àgbá tí omi odò ń yí biribiri, ó kọ ọ̀rọ̀ ẹ̀ sílẹ̀ lọ́dún 1806, ó ní gbogbo gbòǹgbò ló kọrí síta àgbá, ọ̀mùnú kọrí sí àárín, torí yíyí yẹn ti tan wọ́n jẹ, wọ́n rò pé ìta ni ilẹ̀. Nítorí náà bí hóró ṣe dojú bolẹ̀ o, bó ṣe dùbúlẹ̀ o, gbòǹgbò á wá ọ̀nà ara ẹ̀, ẹ má da ara yín láàmú.

"Nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí ni mí. Ẹgbẹ́ mi níbi iṣẹ́ ní alẹ́ òṣùpá àrànmọ́jú lobìnrin ń bímọ jù, pé àìsàn ọpọlọ náà ń le sí i. Àwọn kan tún ní oṣù ló ń fa nǹkan oṣù obìnrin, ṣebí orúkọ ẹ̀ nìyẹn."

Ẹ kú iṣẹ́ ẹ̀mí, sístà. Ti ìbímọ, wọ́n ti kà á. Ní North Carolina ní Amẹ́ríkà, wọ́n kó àkọsílẹ̀ ìbímọ tó lé ní 560,000 jọ láti 1997 sí 2001, wọ́n tò ó sábẹ́ oṣù tó ń lé, tó kún, tó ń kú, kò síyàtọ̀. Ohun tó ń ṣe yín níbi iṣẹ́ ni pé alẹ́ tí wọ́dù kún tí òṣùpá náà sì kún lẹ máa ń rántí, alẹ́ òṣùpá tẹ́ ẹ fọwọ́ lẹ́rán tẹ́ ẹ sùn lórí tábìlì, ta ló ń sọ ìtàn ẹ̀? Nǹkan oṣù, òṣùpá gba ọjọ́ 29 àtààbọ̀ kó tó yí, tàwọn obìnrin lè jẹ́ 21, ó lè jẹ́ 35, ara kálukú ló ní tiẹ̀. Ní ti àìsàn ọpọlọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fáwọn mọ̀lẹ́bí aláìsàn kí wọ́n má dúró dìgbà tóṣù máa kú kí wọ́n tó gbé èèyàn wọn wá.

Àmọ́ n ò sọ pé òṣùpá ò ṣe wá ní nǹkan kan. Lọ́dún 2021 àwọn onísáyẹ́ǹsì gbé ìwádìí jáde tí wọ́n ṣe láàárín àwọn ẹ̀yà Qom ní Argentina, àwọn kan lára wọn ò ní iná mànàmáná rárá, wọ́n rí i pé láwọn alẹ́ tó ṣáájú òṣùpá àrànmọ́jú, àwọn èèyàn náà ń pẹ́ kí wọ́n tó sùn, oorun wọn sì kéré. Láwọn alẹ́ wọ̀nyẹn, tílẹ̀ bá ṣú òṣùpá ti wà lókè, ayé mọ́lẹ̀, ta ló ń sùn? Ẹni tó bá dàgbà lágbègbè wa níbí kí iná tó dé mọ̀ bí alẹ́ òṣùpá ṣe ń pẹ́, ayò, àlọ́, eré ọmọdé títí ìyá á fi bínú.

Lójú tèmi, ibẹ̀ la ti ń ṣìnà. Ọwọ́ méjì ni òṣùpá fi kàn wá, àfà ẹ̀ àti ìmọ́lẹ̀ ẹ̀. Àfà jẹ́ ti àwọn nǹkan ràgàjì, òkun, ilẹ̀ ayé lódindi. Ìmọ́lẹ̀ ló kan ohun ẹlẹ́mìí, ọ̀pọ̀ nǹkan tá a ń gbé lé àfà lórí, iṣẹ́ ìmọ́lẹ̀ ni. Àwọn ọdẹ mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ẹranko kéékèèké kì í fẹ́ jáde sójútáyé nígbà tí òṣùpá bá mọ́lẹ̀ rokoso, torí ẹni tó ń rí oúnjẹ kedere lẹ̀ǹkan tó fẹ́ jẹ ẹ́ náà ń rí kedere. Yímíyímí pàápàá, àwọn onísáyẹ́ǹsì kan rí i ní South Africa lọ́dún 2003 pé irú kan nínú wọn tó ń ṣiṣẹ́ lóru ń fi bí ìmọ́lẹ̀ òṣùpá ṣe tàn ká ojú ọ̀run mọ ọ̀nà, kó lè yí ìgbẹ́ ẹ̀ lọ tààrà kí àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ tó gbà á. Lálẹ́ tí òṣùpá ò sí, ọ̀nà ẹ̀ á máa wọ́ kiri.

"Kí ló dé tí ààwẹ̀ Ramadan fi ń bọ́ sínú òjò lọ́dún kan, tó ń bọ́ sínú ọ̀gbẹlẹ̀ lọ́dún míì, tí Kérésì kì í kúrò lójú kan?"

Oṣù méjìlá tá a fi òṣùpá kà jẹ́ ọjọ́ 354, ọdún oòrùn jẹ́ 365, torí náà Ramadan ń fi bí ọjọ́ 11 wá síwájú lọ́dọọdún, nínú bí ọdún 33 á ti yí gbogbo ọdún po. Kérésì ń tẹ̀ lé oòrùn. Ọdún Àjíǹde ni tàwọn onígbàgbọ́ tó ṣì so mọ́ òṣùpá, ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́ lẹ́yìn òṣùpá àrànmọ́jú tó bá ṣáájú láti 21 March ni.

"Wọ́n ní téèyàn bá pẹ́ lókè òfúrufú á ga sí i. Mo kúrú, mo fẹ́ lọ."

Ẹ máa ga lóòótọ́, ó lè tó sẹ̀ǹtímítà mélòó kan, torí kò sóhun tó ń tẹ eegun ẹ̀yìn yín mọ́lẹ̀, tẹ́ ẹ bá sì ti padà dé ayé ẹ máa tún kúrú. Èyí tí wọn kì í sọ ni pé egungun ìbàdí ń sọ bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n ẹ̀ nù lóṣù kan, kódà ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ, ojú á wú torí ẹ̀jẹ̀ àti omi ara ń lọ sókè, ẹsẹ̀ á tín-ín-rín, wákàtí méjì lójúmọ́ ni wọ́n fi ń ṣe eré ìdárayá kí ara má bàa di ọ̀lẹ. Èèyàn ṣì lè mumi níbẹ̀, ọ̀fun wa lè gbé e mì bí orí tiẹ̀ wà nísàlẹ̀. Adìẹ ló máa wàhálà, òun tó jẹ́ pé tó bá ti bu omi sẹ́nu á gbójú sókè kí gíráfítì lè bá a gbé e lọ sọ́nà ọ̀fun.

"Ìyá àgbà wa ní èèyàn wà nínú òṣùpá tó ń gégi. Àwọn míì ní Awólọ́wọ̀ làwọn rí. Kí lẹ̀yin rí?"

Mo rí ilẹ̀ dúdú. Òkúta tó yọ́ ló ṣàn síbẹ̀ láyé àtijọ́ tó wá dì, ojú wa ló ń fi ya èèyàn. Ìdí tí ìyá àgbà yín àti ẹ̀yin fi ń rí àwòrán kan náà ni pé òṣùpá kì í yí ẹ̀yìn sí wa, gíráfítì ayé ti fà á títí tí yíyí ẹ̀ fi dín kù, tó wá jẹ́ pé ìgbà tó fi ń yí ara ẹ̀ po lẹ́ẹ̀kan náà ló fi ń yí wa po lẹ́ẹ̀kan. Ẹnikẹ́ni ò rí ẹ̀yìn ẹ̀ rí títí di October 1959 tí ọkọ̀ òfúrufú àwọn ará Soviet, Luna 3, fi ya á ní fọ́tò. Kò fi bẹ́ẹ̀ sí ilẹ̀ dúdú lẹ́yìn ọ̀hún, ẹni tó bá fẹ́ẹ́ wá Awólọ́wọ̀ níbẹ̀ máa wá a tì.

"Mo kà á pé òṣùpá ń sá kúrò lọ́dọ̀ wa. Kí la máa ṣe tó bá lọ?"

Ó ń jìnnà lóòótọ́, 3.8 sẹ̀ǹtímítà lọ́dún. Àwọn tó bá ọkọ̀ òfúrufú Amẹ́ríkà, Apollo 11, 14 àti 15, lọ síbẹ̀ fi dígí sílẹ̀ níbẹ̀, láti ayé wọ́n á tan iná laser sí i, wọ́n á ka bó ṣe pẹ́ tó kí ìmọ́lẹ̀ yẹn tó padà, bí sẹ́kọ́ńdì méjì àtààbọ̀ ni lílọ bíbọ̀. Láti 1969 títí di ìsinsìnyí, bíi gíga ilẹ̀kùn kan péré ló fi jìnnà sí i, ẹ fọkàn balẹ̀. Ohun tó ń lé e ni òkun tó ń kún yẹn náà, omi tó ga yẹn ń fi ara ha ayé, ó ń dá yíyí ayé dúró díẹ̀díẹ̀, agbára tí ayé ń pàdánù ló sì ń ti òṣùpá síwájú. Ọjọ́ wa wá ń gùn sí i ní bíi mílísẹ́kọ́ńdì méjì láàárín ọgọ́rùn-ún ọdún. Ó kéré lójú, àmọ́ ìyùn inú òkun tó ti di òkúta láti bí 400 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn ní ìlà ìdàgbàsókè lára, bí igi ṣe ń ní, ìlà kan fún ọjọ́ kan, lọ́dún 1963 onísáyẹ́ǹsì kan, John Wells, kà á, ó sì rí bíi 400 nínú ọdún kan. Ọjọ́ 400 nínú ọdún, ìyẹn ni pé ojúmọ́ kan nígbà yẹn jẹ́ bíi wákàtí 22.

Ká wá ní òṣùpá ò sí rárá, òkun á ṣì máa kún díẹ̀ nítorí oòrùn. Èyí tó le ni pé òṣùpá wà lára ohun tó ń jẹ́ kí bí ayé ṣe tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ dúró nítòsí 23.4 digírì, títẹ̀ yẹn ló ń pín òjò àti ẹ̀rùn fún wa. Mars, tó ń yí oòrùn po bíi ayé wa, kò ní òṣùpá tó tóbi tó tiwa, ìṣirò sì fi hàn pé ó ti tẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún gan-an láti ìgbà pípẹ́, tí ojú ọjọ́ ibẹ̀ á sì ti máa yí kiri. Ẹni tó bá ń gbin iṣu lọ́nà Ìkòyí-Ilé ò lè fi irú ìyẹn ṣeré, àmọ́ àìmọye mílíọ̀nù ọdún ló ṣì wà níwájú kí jíjìn òṣùpá tó lè da ìyẹn rú.